Bí Ọwọ́ Euler Ṣe Tẹ 641

Ẹ wo nọ́ńbà yìí dáadáa: 4,294,967,297. Ẹ kó 2 méjìlélọ́gbọ̀n jọ, ẹ fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀, kí ẹ wá fi 1 lé e. Òun náà nìyẹn. Pierre de Fermat, adájọ́ ará Toulouse ní ilẹ̀ Faransé, gbà ní nǹkan bí ọdún 1640 pé kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù, àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ nínú ẹbí nọ́ńbà tí a ń ṣe lọ́nà kan náà, láti orí 2 ẹyọ kan, méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ àti mẹ́rìndínlógún, ìyẹn 3, 5, 17, 257 àti 65,537, kò kúkú ṣeé pín.

Ní 1729, onímọ̀ ìṣirò kan, Goldbach, kọ lẹ́tà sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Leonhard Euler ní St. Petersburg, ó bi í nípa ọ̀rọ̀ Fermat yìí. Ní 1732, Euler, ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, fèsì síta: 641 pín in géérégé, ó sì kan 6,700,417.

Ẹni tó bá fẹ́ fi tipátipá ṣe é yóò máa mú àwọn nọ́ńbà tí kò ṣeé pín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Márùndínlọ́gọ́fà ló wà níwájú 641. Ọ̀nà tí Euler ṣàlàyé nígbà tó yá yàtọ̀ sí ìyẹn, òun sì ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà: ó kọ́kọ́ bèèrè irú nọ́ńbà tó tilẹ̀ lè pín in.

Ká pe irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ní p. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, ẹ máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ẹ máa fi p pín in, èyí tó bá ṣẹ́kù nìkan ni kí ẹ máa gbé lọ. Ní ìgbésẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n, ohun tó ṣẹ́kù yóò fi 1 dín sí p. Ní ìkẹrìnlélọ́gọ́ta, ẹ ó padà bá 1, kò sì ní ṣáájú ìgbà yẹn. Ó ń yí po bí ọjọ́ ọjà. Òfin kan sì wà pé bí p kò bá ṣeé pín, tí ẹ bá gbé ìgbésẹ̀ tó fi 1 dín sí p, orí 1 lẹ ó bára yín. Nítorí náà, bí a bá yọ 1 kúrò lára p, 64 gbọ́dọ̀ pín ìyókù láìṣẹ́kù. Fermat gan-an ló sọ òfin yìí, ní 1640 kan náà! Irinṣẹ́ tó wó ọ̀rọ̀ rẹ̀ palẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Nínú àwọn nọ́ńbà tí kò ṣeé pín títí dé 641, ó wá ku 193, 257, 449, 577, 641. Mẹ́rin àkọ́kọ́ kò wọlé. Ti 641 kò gba ju bébà kékeré lọ: 2 mẹ́rìndínlógún tó sọ ara wọn di púpọ̀ jẹ́ 65,536, ẹ fi 641 pín in, 154 ṣẹ́kù. 154 lọ́nà 154 jẹ́ 23,716. Ẹ fi 641 pín ìyẹn náà, 640 ṣẹ́kù. Ẹ fi 1 tó gbẹ̀yìn lé e, ó di 641.

Kò sí ọ̀kan nínú ẹbí náà tí wọ́n ti yẹ̀ wò yanjú lẹ́yìn 65,537 tí kò ṣeé pín. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí àwọn díjíìtì rẹ̀ lé ní 315,000. Ní àwọn ọdún 1980, wọ́n fi kọ̀ǹpútà fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ó ṣeé pín, láì rí ẹyọ nọ́ńbà kan tó pín in.