Àbùdá àti Àbímọ́: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Méjì

Ọmọ Nàgó tí ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Lomé, èdè Faransé ni ó fi ń kọ́ nípa ohun abẹ̀mí. Àtúnṣe ètò ẹ̀kọ́ ọdún 1975 fún èdè Ewe àti Kabiyè ní ààyè ní ilé-ẹ̀kọ́ Tógò. Kò kan Yorùbá. Bí ọmọ náà bá yí "gène" sí ohùn Yorùbá, "jẹ́ẹ̀nì" ni yóò dà. Ará Ìbàdàn tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì yóò pè é ní "jíìnì". Ó sàn kí àwọn méjèèjì pàdé lórí ọ̀rọ̀ tí ó ti inú Yorùbá wá.

"Àbùdá" ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń lò. Ọ̀rọ̀ rere ni, kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ni wọ́n dì lé e lórí: ó ń tọ́ka sí ìrísí tí ojú rí, ó sì tún ń tọ́ka sí ohun tí ó fara sin nínú sẹ́ẹ̀lì. Ìyàtọ̀ méjì yìí gan-an ni Gregor Mendel fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1866: ohun tí kò hàn lára ọmọ lè tún yọ lára ọmọ-ọmọ.

Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni ó fi ewu rẹ̀ hàn. Ara ẹni tí ó jẹ́ AS sábà máa ń le. Bí a bá sọ fún un pé ó ní àbùdá àrùn, yóò wo ara rẹ̀, kò ní rí i, kò sì ní gbà. Gbólóhùn náà "ẹ̀jẹ̀ wọn kò bára mu" tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí AS àti AS bára mu pátápátá. Ibẹ̀ ni ewu wà. Ní oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ jẹ́ SS. Oyún kọ̀ọ̀kan ni ìṣirò yìí ń bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Ọmọ kan tí ó ṣàìsàn kò gba mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e sílẹ̀. Ní Tógò, C náà wọ́pọ̀, ọmọ tí ó bá sì jogún S àti C lè ṣàìsàn.

Kí "àbùdá" dúró fún ohun tí ó hàn; kí "àbímọ́", tí àwọn kan ti ń lò, dúró fún ohun tí òbí fi lé ọmọ lọ́wọ́, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Nígbà náà ni àgbẹ̀bí yóò lè sọ fún tọkọtaya láìfọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀ pé: "Ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ gbé àbímọ́ àrùn yìí, bí ara yín tilẹ̀ le."