Ta Ló Gba Epo Lájà?

"Èmi kàn ń kọ kóòdù ni." Gbogbo wa ti gbọ́ ọ rí, lẹ́nu ọ̀rẹ́, lẹ́nu ẹ̀gbọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ olówó gidi. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa.

Ẹ wo àwọn kan lára àwọn áàpù ayánilówó tó gbòde kan ní Nàìjíríà. Kí owó tó wọlé, ẹni tó fẹ́ yá a á gbà kí áàpù wo gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀. Tí ọjọ́ bá pé tí kò rí i san, ọ̀gá rẹ̀, àǹtí rẹ̀, pásítọ̀ rẹ̀, gbogbo wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé olè ni. Ní oṣù kẹjọ 2021, NITDA bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé Soko Loans nítorí bó ṣe tojú bọ ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn èèyàn. Ní oṣù kẹta 2022, FCCPC já wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan n'Íkẹjà.

Ilé iṣẹ́ la dárúkọ. Ọwọ́ tó ṣiṣẹ́ náà ńkọ́? Áàpù kì í kọ ara rẹ̀. Ẹnì kan ló jókòó kọ ìlà tó ní kí fóònù kó nọ́ńbà jáde.

Wọ́n á ní, "Bí mi ò bá ṣe é, ẹlòmíì á ṣe é." Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ adigunjalè náà lè sọ ọ́. Wọ́n á ní alágbẹ̀dẹ kọ́ ló ń fi ọ̀bẹ gún èèyàn. Òótọ́ ni, ọ̀bẹ ṣì ń gé iṣu. Kóòdù tó ń kó nọ́ńbà ẹbí onígbèsè, kí ló fẹ́ gé?

"Ebi ń pa mí" nìkan ló wúwo, a ò sì ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ewì J. F. Ọdúnjọ tí a kọ́ nílé ìwé ní ká tẹra mọ́ṣẹ́. Kò sọ irú iṣẹ́ wo. Síbẹ̀, ọmọ tó ń gba owó táṣẹ́rẹ́ láti máa pe onígbèsè kò dọ́gba pẹ̀lú ẹnjiníà tí ilé iṣẹ́ mẹ́ta ń wá lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Òwe yìí le díẹ̀ lójú tiwa, ṣùgbọ́n ó rí nǹkan kan: ọwọ́ ẹni tó wà lókè àjà ti kún. Tí kò bá sẹ́ni tó máa gbà á nísàlẹ̀, epo ò ní lè sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí kò mọ kóòdù kọ, òun náà wà lókè àjà.

Ní 2018, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ Google fọwọ́ sí lẹ́tà pé àwọn ò fẹ́ Project Maven, iṣẹ́ tí wọ́n ń bá ológun Amẹ́ríkà ṣe lórí àwòrán tí dróònù yà. Àwọn kan tilẹ̀ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Google ní tí àdéhùn náà bá parí, àwọn ò ní tún un ṣe. Iṣẹ́ náà ò kú o, ibòmíì ló gbà lọ. Ṣùgbọ́n ó hàn pé ọwọ́ tó wà nísàlẹ̀ lágbára.

Nítorí náà, ká tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́, ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: tí kóòdù yìí bá ṣiṣẹ́ dáadáa, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ṣe fẹ́ gan-an, ta ló máa sunkún?