Lẹ́tà Nínípọn tí ó Fì Sọ́tùn-ún àti Àmì Ohùn Yorùbá: Àgbéyẹ̀wò Ìwé Ìkéde Ara Ògiri ní Oríta-mẹ́rin, Ìbàdàn

Ohun tí ó jẹ bébà yìí lógún ni ìrísí lẹ́tà kan tí ó wọ́pọ̀ lára ìwé ìkéde ara ògiri láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ: lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀ kéékèèké, tí ó nípọn, tí ó sì fì sọ́tùn-ún. Bóòdù itálíìkì ni àwọn atẹ̀wé ń pè é. Lẹ́tà náà lẹ́wà, ó sì ń pe ojú, ṣùgbọ́n ó ń gbé ohùn Yorùbá mì níbi tí òǹkàwé ti nílò rẹ̀ jù lọ.

Orísun méjì ni ó ti ṣàn wá. Ní Venice, Francesco Griffo gẹ́ lẹ́tà fífì fún Aldus Manutius, ẹni tí ó fi tẹ odindi ìwé Virgil ní 1501. Lẹ́tà nínípọn ní tirẹ̀ gbajúmọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Clarendon, tí ó jáde ní London ní 1845, wà lára wọn. Nínípọn ń kígbe. Fífì ń yí ohùn padà. Fún ìkéde ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú àgbà, àpapọ̀ méjèèjì bá a mu: ẹni tí ó ń gòkè lọ sí Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, lè ka orúkọ ọlọ́jọ́ láti òdìkejì títì.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ níbi tí àmì ti wọlé. Àmì ohùn òkè fì sọ́tùn-ún bí lẹ́tà náà gan-an. Nítorí náà, lórí lẹ́tà i, méjèèjì a di igi kan ṣoṣo, 'tí' a sì jọ 'ti'. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ ń fì sósì, bí ẹni tí ó fẹ́ já bọ́. Ti àmì abẹ́ ni ó burú jù. Bí yíǹkì bá tàn díẹ̀, àmì náà a lẹ̀ mọ́ ìdí lẹ́tà, ìwé ìpè tí ó ní ìyàwó ń lọ sílé ọkọ a sì rán an lọ sílé oko.

Kọ̀ǹpútà kò tíì pa ìṣòro yìí rẹ́. Nínú Unicode, ẹ àti ọ ní àyè tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Ńṣe ni wọ́n ń gbé àmì ohùn lé wọn lórí. Bí ẹni tí ó ṣe fọ́ǹtì kò bá wọn ibùjókòó àmì náà fún lẹ́tà fífì, èjìká lẹ́tà ni yóò jókòó sí.

Àwọn kan lè wí pé ọmọ Yorùbá yóò mọ ọ̀rọ̀ láìsí àmì. Òótọ́ ni, bí gbólóhùn náà bá jẹ́ èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Orúkọ ènìyàn àti oríkì kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ohùn ni ìtumọ̀.

Ní àkótán, àkọlé kúkúrú ni ó yẹ lẹ́tà yìí. Kí oríkì àti àlàyé wà ní lẹ́tà ìnàró, kí atẹ̀wé sì ka ẹ̀dà àkọ́kọ́ sókè kí ó tó tẹ ìyókù. Lẹ́tà tí ó pe ojú, tí kò jẹ́ kí ẹnu mọ ohun tí yóò pè, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì pé.