Ojú Rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Etí Kò Gbọ́ Ẹ̀fẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú tí ó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti rí òpin ìran. Òótọ́ pọ́ńbélé ni, ṣùgbọ́n òwe náà ti rẹ́ etí jẹ díẹ̀. Ojú ni ó gba gbogbo ìyìn. Kò sí ẹni tí ó béèrè ohun tí etí gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ní ilẹ̀ Yewa, tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di ọdún 1995, láti Ìlaròó dé Ayétòrò, àti láti Ìmẹ̀kọ kọjá ààlà dé Kétu, òru ni eré náà ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ojú kò ríran jìnnà. Òru Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń pè é, etí ni wọ́n sì fi ń jẹ adùn rẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wà tí wọ́n gbà pé ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ orin tí a tò lẹ́sẹẹsẹ, tí ó ní àkókò lọ́dún, tí ó ní ọ̀gá akọrin àti agbo onílù, àfi kí ó lọ sí Èkó, kí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ó jókòó ní gbọ̀ngàn MUSON láti gbọ́ ẹgbẹ́ olóhun-èlò tí àwọn Òyìnbó ń pè ní ọ̀kẹ́sírà. Kò sí ohun tí ó burú nínú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó burú ni èrò pé ilẹ̀ ààlà kò ní irú rẹ̀. Bí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ọ̀kẹ́sírà bá dé agbo Ẹ̀fẹ̀ lóru, kò ní pẹ́ tí yóò fi mọ ibi tí ó wà: yóò mọ ẹni tí ó ń darí, yóò mọ ẹni tí ó ń gbè, yóò sì mọ̀ pé orin kan kò lè ṣíwájú òmíràn. Ohun kan ṣoṣo ni yóò yà á lẹ́nu. Níbi sínfónì, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àwọn olùgbọ́ ni ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń fún olórin. Ní agbo Ẹ̀fẹ̀, bí èrò bá dákẹ́, orin ti kú nìyẹn.

Láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń bọ̀ tí iṣẹ́ oko kò sì tíì wọra, ni àkókò ọdún náà sábà máa ń bọ́ sí. Wọ́n a tún máa ṣe é bí ẹni ńlá nínú ẹgbẹ́ bá kú, tàbí bí ọ̀dá tàbí àjàkálẹ̀ àrùn bá kọlu ìlú. Ọkùnrin ni ó ń gbé ère, ọkùnrin ni ó ń kọrin. Ṣùgbọ́n Ìyálàṣẹ ni olórí ẹgbẹ́, nítorí pé àwọn ìyá ni wọ́n ń bọlá fún.

Ètò òru náà ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fara balẹ̀ wò. Kì í ṣe ọ̀gá akọrin ni ó ń kọ́kọ́ yọ. Àwọn aṣíwájú a jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: Arábí Ajígbálẹ̀ yóò gbá ilẹ̀ agbo mọ́, Agbéná yóò gbé iná wọlé, olúkúlùkù pẹ̀lú ìlù tirẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni Tètèdé, abo ère, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: ó tètè dé kí ọ̀nà lè mọ́. Òun ni yóò pe Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ láti inú agbo. Ìpè yìí jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó dára jù lọ ní gbogbo òru náà. Ẹni tí wọ́n ń pè kò tíì yọ. Gbogbo èrò ti yíjú sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n fi màrìwò ọ̀pẹ ṣe. Ohùn sì ń ti ẹ̀yìn màrìwò wá kí ènìyàn tó dé. Kò sí ojú tí ó lè rí ìyẹn. Nígbà tí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ bá wá yọ tòun ti ère lórí, ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ àti ṣaworo irin lẹ́sẹ̀, òun ni yóò ni agbo títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ìjúbà ni orin àkọ́kọ́. Yóò júbà òrìṣà, yóò júbà àwọn ìyá, yóò júbà àwọn tí wọ́n ti kọrin ṣáájú rẹ̀ àti àwọn olóyè ìlú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá akọrin mọ̀. Òpè a máa sáré kọjá níbẹ̀ nítorí pé ẹ̀rín ni ó ń wá. Ọ̀gá a máa falẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé bí ìjúbà kò bá wọlé, kò sí àṣẹ tí òun yóò fi bú ẹnikẹ́ni nígbà tí ó bá yá. Lẹ́yìn èyí ni àdúrà fún ìlú, lẹ́yìn náà ni ẹ̀fẹ̀ fúnra rẹ̀: olè, alágbèrè, olóyè tí ó ń gba ẹ̀gúnjẹ, ẹni tí ó fi ìṣèlú ba ilé jẹ́. Lóru ọjọ́ yìí, kò sí ẹni tí ó tó láti fi ọ̀rọ̀ tí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ sọ mú un. Orin ìtàn àti orin ìrántí àwọn òkú náà kò ní gbẹ́yìn.

Bí wọ́n ṣe ń kọ orin ọ̀hún ṣe pàtàkì ju bí ó ti rí lójú àlejò lọ. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ yóò dá a, àwọn elégbè yóò gbà á, yóò tún un dá, títí èrò gbogbo yóò fi mọ̀ ọ́n tí wọn yóò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá dùn mọ́ wọn, wọn kò ní jẹ́ kí ó kọjá sí òmíràn. Nípa bẹ́ẹ̀, èrò ni adájọ́, èrò kan náà sì ni àpótí tí wọ́n ń kó orin pamọ́ sí. Orin tí a bá gbọ́ lọ́jà ní ọjọ́ kejì ti yege. Èyí tí a kò bá gbọ́ mọ́ ti kùnà, bí ó ti wù kí ère akọrin dára tó.

Ní ti ijó ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìwé ti pọ̀ lórí rẹ̀. Ó tó kí a sọ pé ọ̀rọ̀ tí ìyáàlù ń sọ ni ẹsẹ̀ oníjó ń tẹ̀lé, àti pé ìlù àti ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ parí lẹ́ẹ̀kan náà. Oníjó tí ṣaworo rẹ̀ bá dún lẹ́yìn ìlù ti gba ìtìjú. Oníjó náà ń fi etí jó nìyẹn.

Ìṣòro ibẹ̀ hàn gbangba bí a bá fi Ẹ̀fẹ̀ wé iṣẹ́ Fẹlá Ṣówándé. Ní ọdún 1944 ni ó kọ African Suite fún àwọn olóhun-èlò olókùn. Orin ilẹ̀ wa ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, àwọn kan sì ti ilẹ̀ Gáná wá. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó wà nínú ìwé, ó rìn títí dé Kánádà, níbi tí ètò rédíò kan ti fi apá ìparí rẹ̀ ṣe orin ìdánimọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Folk Symphony rẹ̀, tí ó kọ fún òmìnira Nàìjíríà ní 1960, ṣì wà fún ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ lù ú lọ́la. Orin Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n dá ní Ìlaròó ní ọdún 1960 kan náà ńkọ́? Ẹni tí ó gbọ́ ọ ní ọmọ ogún ọdún ti lé ní ọgọ́rin.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó gbìyànjú. A. I. Aṣíwájú fi hàn ní ọdún 1975 pé ewì Ẹ̀fẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pàtàkì fún ìtàn ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Ìwé tí Henry Drewal àti Margaret Drewal tẹ̀ jáde ní 1983, tí Ìlaròó àti Kétu wà nínú rẹ̀, kó ọ̀rọ̀ orin jọ pẹ̀lú ère. Babátúndé Lawal náà ṣe iṣẹ́ ńlá ní 1996. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà yóò bá ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nínú gíláàsì: aṣọ kò sí lára wọn, ìlù kò sí lẹ́yìn wọn, ẹnu wọn sì dákẹ́.

UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ wọn ní 2008. Ìyìn náà tọ́, àjọ náà sì mẹ́nu ba orin àti òru. Àwọn olùṣètò pèpéle ni kò gbọ́. Ohun tí wọ́n sábà máa ń mú wá fún àlejò ni ijó ọ̀sán, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ère mẹ́rin, ó parí. Wọ́n a gé òru kúrò nítorí pé àlejò kò gbọ́ èdè, àti nítorí pé olóyè tí ó jókòó níwájú lè gbọ́ ọ jù. Níbi tí wọ́n bá sì ti gba Ẹ̀fẹ̀ láyè, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni wọ́n ń gbé sí akọrin lẹ́nu. Ohùn rẹ̀ a bo ti èrò mọ́lẹ̀, elégbè a di òǹwòran. Ìyẹn ni àdánù tí ó ṣòro jù láti rí, nítorí pé orin ṣì ń lọ.

Iṣẹ́ kíkọ orin sílẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní ìhà méjèèjì ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní 1889. Àwọn kan ní Kétu ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, àwọn mìíràn ní Ìlobì ni. Ẹni tí yóò bá dá ẹjọ́ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ orin ìhà méjèèjì. Àkọtọ́ tilẹ̀ yàtọ̀: ní Bẹ̀nẹ̀, ɛ àti ɔ ni wọ́n ń kọ níbi tí Ìlaròó ti ń fi àmì sábẹ́ ẹ àti ọ. Orin kan náà ni ọmọ Pọ́bẹ̀ àti ọmọ Ayétòrò yóò kọ sínú ìwé méjì tí wọ́n kò jọra, bẹ́ẹ̀ ni bí ẹnì kan bá dá orin ọ̀hún lóru, àwọn méjèèjì ni yóò gbè é.