Ilé Àwọn Àgùdà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òwe àtàtà ni, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ bí ẹni pé ilé kan ṣoṣo ni ènìyàn ní, àti pé ẹni tí ó bá ti délé ti bọ́ lọ́wọ́ àárò. Ìtàn àwọn Àgùdà ìlú Èkó fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n ilé pẹ̀lú ṣeé kà bí ìwé. Ilé tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí kọ́ ni mo fẹ́ kà níhìn-ín.

Ẹrú ni a kó wọn, tàbí àwọn òbí wọn, lọ sí Bùràsíìlì. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bahia ní 1835, ọ̀tẹ̀ tí Yorùbá pọ̀ nínú rẹ̀, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ni àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó ti gba òmìnira lára. Ọ̀pọ̀ wọn wọkọ̀ wá sí Ouidah, Àjàṣẹ́ àti Èkó. Àwọn tí a bí sí Bahia nínú wọn kò fojú rí ibi tí wọ́n ń pè ní ilé rí. Ní Èkó, wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà. Wọn kò sọ orúkọ bíi da Silva, Pereira àti Cardoso nù. Fìrẹ́jọ̀nù, tí a ń fi ẹ̀wà àti omi àgbọn sè, kò sì kúrò nínú oúnjẹ Ọjọ́ Ẹtì Rere. Bí wọ́n ti ṣàárò ilé ní Bùràsíìlì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣàárò Bùràsíìlì nílé.

Ara ògiri ni àárò méjèèjì ti pàdé. Agbo ilé Yorùbá àtijọ́ kọjú sí àgbàlá, ó kẹ̀yìn sí òde. Ilé Àgùdà kọjú sí òpópó: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, orí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, a sì mọ òdòdó sára ògiri rẹ̀. Àwọn kan lè pe èyí ní ṣekárími. Èmi kò kà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a ti tà rí ni ó ń fi ojú ilé sọ fún aráyé pé òun ni ó ni ara òun.

Ẹ wo Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí a ṣí ní 1894. Sàró ni Mohammed Shitta tí ó náwó sí i. Àgùdà ni João Baptista da Costa tí ó kọ́ ọ. Ọba ilẹ̀ Túrkì ni ó fi oyè Bey ránṣẹ́ sí Shitta. Ọgbọ́n ọwọ́ tí a fi ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Bahia hàn lójú mọ́ṣáláṣí náà. Láti ìdálẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wá, síbẹ̀ ta ni yóò sọ pé kì í ṣe ti Èkó? Àrà yìí kan náà dé Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìbàdàn, níbi tí àwọn tí kò wọkọ̀ òkun rí ti fi kọ́ ilé tiwọn. Èdè wa pàápàá gbà wọ́n mọ́ra: Ìjọ Àgùdà ni a ń pe ìjọ Kátólíìkì títí di òní.

Ṣùgbọ́n ìkù díẹ̀ káàtó wà lọ́wọ́ àwa onílé. Ní gbàgede Tinúbú, ìdílé Fernandez kọ́ ilé kan ní nǹkan bí 1855, èyí tí a wá mọ̀ sí Ilojo Bar. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, a wó o lulẹ̀. Àjèjì kọ́ ni ó wó o.

Lónìí, a máa ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà pé kí wọ́n má gbàgbé ilé. Ìkìlọ̀ náà tọ́, ṣùgbọ́n ó fì sápá kan. Àwọn Àgùdà kò gbàgbé ilé. Ilé ni ó gbàgbé wọn. Bí arìnrìn-àjò bá mú ohun rere bọ̀, àwa tí a wà nílé ni a ó tọ́jú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a kò lẹ́nu láti bá a wí nígbà tí ó bá kọ̀ láti padà. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ṣì dúró. Kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.