Irin Tó Gbé Ilé Àwòṣífìlà Ró

Mo kan sáárá sí àwọn oníṣẹ́ irin tó kọ́ Empire State Building ní New York. Oṣù kẹta ọdún 1930 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1931, wọ́n ṣí ilé alájà 102 náà. Láti iléeṣẹ́ ni wọ́n ti gé irin, tí wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí i lára. Lókè téńté, ẹnì kan á yọ ìṣó pípọ́n lẹ́nu iná, á jù ú; ẹlòmíràn á fi agolo gbà á, wọ́n á gbá a wọlé. Iṣẹ́ tó yá kì í jẹ owó èlé àti owó oṣù púpọ̀. Bí ilé irin bá sì wó lọ́la, irin rẹ̀ kò ṣòfò: a ó yọ́ ọ, a ó tún fi kọ́ òmíràn. Iṣẹ́ ọwọ́ tó ń ṣọ́ owó, tó sì ń ṣọ́ ilẹ̀, ó yẹ ká yìn ín.