Ìdí Ẹmu Lójú Ayàwòrán

Bí ayàwòrán bá ya ọ̀mùtí, ta ni ó ń yà á fún? Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí á fi wo iṣẹ́ Adriaen van Ostade (1610–1685), ọmọ ìlú Haarlem ní ilẹ̀ Họ́láńdì. Nínú nǹkan bí àádọ́ta àwòrán tí ó fi bàbà tẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ni ó pọ̀ jù: wọ́n ń mutí, wọ́n ń mu tábà, wọ́n ń jó sí gòjé òyìnbó. A ó fi ìda bo awo bàbà, a ó fi abẹ́rẹ́ ha ìlà sí i, a ó sì jẹ́ kí ásíìdì jẹ ojú ìlà náà kí ó tó gba tàdáwà. Awo kan a máa bí ọ̀pọ̀ àwòrán.

Àwọn ará ìlú tí ó rí jájẹ ni ó sábà ń ra irú àwòrán bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àgbẹ̀. Ewu ibẹ̀ ni pé kí a sọ tálákà di ẹni ẹ̀rín. Adriaen Brouwer, tí ó kú ní 1638, fẹ́ràn ìjà àti ìmukúmu. Ostade pàápàá bẹ̀rẹ̀ lọ́nà yẹn. Ṣùgbọ́n ní 1653, ó tẹ àwòrán ìdílé àgbẹ̀ kan tí wọ́n ń gbàdúrà kí wọ́n tó jẹun. Ẹni tí a bá ti rí i nídìí àdúrà, a kò lè fi ṣẹ̀sín mọ́ nídìí ọtí.

Ní àwọn ọdún 1960, Ru van Rossem, ọmọ Họ́láńdì, kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Òṣogbo ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti bàbà yìí kan náà. Twins Seven-Seven gba abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n iwin àti ẹ̀mí ni ó fi í ha. Ọ̀mùtí inú ìwé Tutuola ti 1952 náà, ìlú àwọn òkú ni ó ti lọ wá adẹ́mu rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, àga ẹlẹ́mu ṣófo níbẹ̀.

Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, níbi tí apẹja àti àgbẹ̀ ti ń jókòó ti agbè ògùrọ̀, ẹni tí ó bu ẹmu ni ó kọ́kọ́ ń tọ́ ọ wò kí ó tó gbé ahá fún ẹlòmíràn. Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn: ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe onídùúró. Ó yẹ kí abẹ́rẹ́ wa lè rí èyí bí ó ti ń rí iwin.